Bọ́ọ̀lù Tó Ń Ṣọ́ Omi

Ẹ̀gbọ́n gbá àbúrò rẹ̀ lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́nu, eyín kan fò jáde. Orí tánkì ńlá ilé iṣẹ́ wọn ni wọ́n ti wọ̀yá ìjà.

"Bọ́ọ̀lù oníke tí yóò máa léfòó nínú tánkì ni mo ní kó o rà! Ta ló rán ẹ ní onírin?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, gbogbo oníke tá a lò ló kán. Eléyìí, bí erin bá dì mọ́ ọn, kò ní já."

"O tún ń dá mi lóhùn!"

Ó la sípánà mọ́ ọn lórí. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe bo àbúrò lójú, ẹ̀gbọ́n tì í sínú tánkì. Omi ò kún, ara irin ń yọ̀, ọwọ́ èèyàn ò sì lè tó ẹnu tánkì látinú. Ó ju sípánà sílẹ̀ sórí tánkì níbẹ̀, ó pa ìdérí dé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń wá ẹkún tí yóò sun fún ìyá wọn.

Lójijì ni ẹ̀rọ tó ń fa omi bú ramúramù.

Ẹ̀gbọ́n yíjú wo òkè. Àfi tí bọ́ọ̀lù bá lọ sílẹ̀ ni ẹ̀rọ náà máa ń fa omi. Ẹnìkan ti rọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù.

Ó sáré lọ pa ẹ̀rọ. Ìlẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ wà ní títì. Àpò àbúrò ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ó ń fi èjìká gbá ìlẹ̀kùn nígbà tí omi tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀ lára tánkì.

Lókè, ìdérí ṣí gbàgà. Ọwọ́ kan yọ, ó ń táràrà kiri, títí ó fi kan sípánà.