Bọ́tìnì Ọwọ́ Òsì

"Eku ti kú!" Mabrouka ń gbo eku kọ̀ǹpútà náà jìgìjìgì. "Ọ̀gá, ẹ kúkú yọ iná!"

"Kí n yọ iná? Èmi tí mo kàwé ní Paris? Ẹni tó bá mọ àṣẹ Linux lórí kọ̀ǹpútà kì í wá eku."

Ṣùgbọ́n òógùn ti bo iwájú ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ náà. Òun ló ṣi àṣẹ pa, ẹ̀rọ sì ń béèrè bóyá kí òun pa gbogbo àwòrán ìwé àfọwọ́kọ ilé ìkàwé ìlú Kairouan rẹ́: iṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án Mabrouka, tí kò ní ẹ̀dà níbòmíràn. Bí wọn kò bá fèsì láàárín ogún ìṣẹ́jú àáyá, yóò pa á rẹ́ fúnra rẹ̀.

Ọ̀gá tẹ bọ́tìnì méjì pọ̀ lórí pátákó ìtẹ̀wé, kí àwọn bọ́tìnì nọ́ńbà lè máa darí ọfà ojú ẹ̀rọ. Ó tẹ bọ́tìnì 4, èyí tó wà fún òsì, mọ́lẹ̀. Ọfà ń wọ́ lọ sí òsì bí ìgbín.

"Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ ló kù!"

"Panu mọ́! Ogún ọdún ni mo ti ń tẹ 'Rárá' lọ́wọ́ òsì. Mo lè dijú tẹ̀ ẹ́."

Ó sì dijú lóòótọ́, ìbẹ̀rù ni. Ó tẹ bọ́tìnì 5, èyí tó wà fún yíyàn.

"Alhamdulillah!"

Mabrouka tẹjú mọ́ ojú ẹ̀rọ. "Ọ̀gá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní Faransé ti tó gẹ́ẹ́, tẹ́ ẹ yí ẹ̀rọ sí Lárúbáwá láàárọ̀? Gbogbo bọ́tìnì ojú ẹ̀rọ ló ti pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́; 'Bẹ́ẹ̀ ni' ló wà lósì báyìí."

Ó lajú. Àwọn ìwé náà ń parẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọ̀tún sí òsì.