Ìparí Tí Kò Bọ́gbọ́n Mu

Ìparí eré àtìgbàdégbà kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó ọ̀gá ilé-ìwé kan nírìíra. Ó yọ ṣùtì ètè sí tẹlifíṣọ̀n, ó ju rìmóòtù sórí àga.

“Ogójì apá ni mo wò tẹ̀ léra, láìdìde! Ìyàwó kan wá ṣàdédé kó jáde nílé ọkọ, kò jà, kò sọ̀rọ̀! Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Òǹkọ̀wé yẹn ò mọṣẹ́. Òdo ni mo fún un.”

“Ẹ rọra, Bàbá,” ni ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbálẹ̀ wí.

“Kí n rọra kẹ̀? Èébì ló ń gbé mi! Pe ìyá rẹ, kó wá gbọ́ ìranù.”

Ọmọ náà dáwọ́ ilẹ̀ gbígbá dúró.

“Bàbá, Màmá ti kó ẹrù wọn lọ láti ìjẹta.”