Èèkàn Méjì Ní Ẹ̀gbẹ́ Òkè

Láràárọ̀ ni ẹnjiníà máa ń na téèpù láti èèkàn tó wà lókè ilé ìyá rẹ̀ dé èyí tó wà nísàlẹ̀ ilé náà. Mítà méjìlá géérégé. Látìgbà tí òjò ti dé, ogójì ọjọ́ rèé, kò lé, kò dín.

Ilé mẹ́fà ló tò sí ẹ̀gbẹ́ òkè náà, lábẹ́ títì. Ìdílé márùn-ún ti kó jáde nítorí ìbẹ̀rù kí òkè má wó lù wọ́n. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ní òun ò lọ síbì kankan.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé," ló wí, bó ṣe máa ń wí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. "Iyanrìn ló wà lókè, amọ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Omi òjò á gba inú iyanrìn kọjá, kò ní ráyè wọnú amọ̀, á wá dúró sáàárín àwọn méjèèjì. Bí ẹní tí wọ́n tẹ́ sórí ilẹ̀ tútù ni. Tí ẹní bá yọ̀, gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ ló máa bá a lọ."

"Èèkàn rẹ ńkọ́?"

"Wọn ò tíì yẹsẹ̀."

"Fi mí sílẹ̀ lórí ẹní mi nígbà náà, tíṣà." Ó fọwọ́ pa orúnkún. "Ogbó ni kó o wá bá mi wọ̀n. Tí mo bá gun àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé dókè báyìí, àfi kí n di irin etí títì mú kí n tó lè gbẹ́sẹ̀ sórí títì. Ẹsẹ̀ mi ń kúrú lójoojúmọ́."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màámi. Mo máa ra ọ̀pá fún yín."

Nígbà tó pé àádọ́ta ọjọ́, téèpù ṣì ka méjìlá. Ó ránṣẹ́ sí àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n máa bọ̀ nílé. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ń gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ kó tìmùtìmù wọlé, ọmọdé ń sáré ká.

Ara tu ẹnjiníà. Ó rántí ọ̀pá. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ lòun náà máa ń gbà nítorí mọ́tò rẹ̀, ṣùgbọ́n orí títì ni ṣọ́ọ̀bù wà, ló bá gba àtẹ̀gùn.

Ó gbẹ́sẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn, ẹsẹ̀ kò dé títì: etí títì tó ti bá àtẹ̀gùn dọ́gba tẹ́lẹ̀ ti ga dé orúnkún rẹ̀, ilẹ̀ tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là sì hàn lábẹ́ koríko, láti ẹ̀yìn ilé kìn-ín-ní títí dé ẹ̀yìn ìkẹfà. Ìsàlẹ̀ ibi tó là yẹn ni èèkàn rẹ̀ méjèèjì wà, lórí ẹní kan náà.