Ṣé Adití Máa Ń Jó?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹ kà á débi tó parí sí, pàápàá ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́.

Ìyá kan wà ní Mamobi, ní Accra níbí, tí kò tíì lè dáhùn ìbéèrè kan títí dòní: ọjọ́ wo gan-an ni ọmọ rẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀ gbẹ̀yìn?

Ẹ jẹ́ ká pè é ní Mojíbọ́lá.

1.

Ọṣẹ ni Mojíbọ́lá ń tà. Ìwé mẹ́fà ló kà tó fi dúró, ìgbà tó bímọ tán ló tó wọ kíláàsì àwọn àgbà ní Kokomlemle, torí ó fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ọkọ rẹ̀, Ọládàpọ̀, ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Tema, Sátidé Sátidé ló ń wálé.

Apá kan wà nínú ìdánwò náà tí wọ́n á ti sọ ohun tí ẹnì kan sọ àti ẹ̀rí tó fi gbè é lẹ́sẹ̀, wọ́n á wá ní kó o mú ohun tó máa sọ ọ̀rọ̀ náà di ahẹrẹpẹ. Tíṣà Àrówólò kọ́ wọn lọ́nà tí wọ́n á gbà: ẹ wò ó bóyá nǹkan mìíràn ló fà á, ẹ wò ó bóyá ẹ̀rí rẹ̀ kéré jù, ẹ wá àpẹẹrẹ kan ṣoṣo tó ta kò ó. Ó ní bí ẹnì kan bá sọ pé àwọn tó ń ta ọṣẹ nítòsí ibùdókọ̀ ń tà ju àwọn yòókù torí ibùdókọ̀, ẹ bi í bóyá kì í ṣe pé ọṣẹ tiwọn ló pọ́ọ́kú.

Ó dùn mọ́ Mojíbọ́lá bí oyin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo ayé dánra wò. Oníbàárà kan ní ọṣẹ rẹ̀ ń mú aṣọ ṣí, ó bi í irú omi tó fi fọ̀ ọ́, irú oòrùn tó sá a sí, iye aṣọ tó ti ṣí. Obìnrin náà rìn lọ láì ra nǹkan kan. Ọládàpọ̀ ní òun ti fẹ́ lọ́yà láì mọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, kíláàsì ń parí lọ, Tíṣà ní ó ku ohun kan, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Mojíbọ́lá ti gbé báàgì kọ́ èjìká. Ọkọ̀ trótró tó ń lọ Mamobi kì í pọ̀ nírọ̀lẹ́. Ó jáde.

2.

Ìyá Sẹ̀kínátù, àgbàlagbà tó ń gbé yàrá kejì sí tiwọn, ló kọ́kọ́ rí i. Bólúwatifẹ́, ọmọ Mojíbọ́lá, ti pé ọmọ ọdún méjì nígbà yẹn. Ibà líle kan ṣe é kó tó mọ ìrìn, ibà náà sì lọ.

Ìyá ní, "Mojí, mo ju páànù sílẹ̀ lẹ́yìn ọmọ yìí láàárọ̀, kò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Gbé e lọ kí wọ́n bá ọ wo etí ẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ ju páànù, Ìyá. Ó lè jẹ́ adìyẹ ló ń wò."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá tún dé. Ó ní ọmọ náà kò tíì pe "màmá". Mojíbọ́lá ní Yorùbá, Haúsá, Twi àti Gã ni wọ́n ń sọ nínú ọgbà, ahọ́n ọmọ ṣì ń ṣà èyí tó máa mú. Àwọn tó ń pọnmi rẹ́rìn-ín. Ìyá ní ẹnu èèyàn ni ọmọ náà máa ń tẹjú mọ́, kì í wo ojú. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni nika-nika tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé gbéra, Bólúwatifẹ́ sì ju ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ nù, ó fi ẹsẹ̀ lásán bọ́ sórí sìmẹ́ńtì, ó ń jó.

Mojíbọ́lá nawọ́ sí i. "Ìyá, ṣé adití máa ń jó?"

Ìyá wo ọmọ títí. "Mi ò wá ṣèdánwò lọ́dọ̀ ẹ o. Ọmọ ni mo ní kó o gbé lọ sọ́sípítù."

Kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọkàn Mojíbọ́lá kò balẹ̀. Ó ń pe ọmọ náà láti ẹ̀yìn nígbà tó ń ro ọkà, nígbà tó ń di ọṣẹ, nígbà tó ń ka ìwé. Bó bá yíjú, ó di ẹ̀rí. Bí kò bá yíjú, eré ló gbà á lọ́kàn.

3.

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bólúwatifẹ́ jókòó sí àárín ọ̀nà tóóró iwájú ilé, ó ń fi agolo kó yanrìn. Ọ̀kadà kan yọ dé pẹ̀lú eré, ó ń fọn fèrè. Wọ́n pe ọmọ náà ní Yorùbá. Wọ́n pè é ní Haúsá. Wọ́n pè é ní Twi àti Gã. Kò gbé orí. Ọlọ́kadà yà bàrá, ó sì já sínú gọ́tà, orúnkún rẹ̀ bó. Ọmọ náà ṣì ń kó yanrìn.

Mojíbọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wá ohun tó máa fi tú ẹ̀rí yìí. Kò rí.

4.

Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibà yẹn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí etí náà sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Ó ní àwọn á ṣe ohun tó bá ṣeé ṣe, àmọ́ àkókò tí ahọ́n máa ń kọ́ ọ̀rọ̀ ti ń kọjá lọ. Ó bèèrè ìgbà tó kọ́kọ́ kíyè sí i. Mojíbọ́lá ka oṣù mẹ́jọ lórí ìka.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni èsì ìdánwò jáde. Kò sẹ́ni tó gba máàkì tó tó tirẹ̀ ní apá títú ẹ̀rí yẹn. Ó lọ bá Tíṣà Àrówólò, ó ro ẹjọ́ fún un, ó ń sunkún.

Tíṣà ní, "Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ tó o jáde kí n tó parí nìyí. Bó o bá tú ẹ̀rí ẹnì kan ká, ẹ̀rí ẹ̀ nìkan lo tú ká. Ohun tó sọ ṣì lè jẹ́ òótọ́."

Ẹ̀yin òbí, ìkìlọ̀ mi rèé. Bí ẹnì kan bá ní nǹkan ń ṣe ọmọ yín, ẹ má wá bí ẹ ó ṣe borí rẹ̀ lọ́rọ̀. Ẹ gbé ọmọ, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, owó ọkọ̀ lásán lẹ pàdánù. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, obìnrin tó ń kọ́ Bólúwatifẹ́ láti máa fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ wá kí wọn nílé. Nika-nika gbéra, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Obìnrin náà ní kí Mojíbọ́lá bọ́ bàtà rẹ̀, kó dúró tì í.

Sìmẹ́ńtì náà ń gbọ̀n. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni ọmọ náà fi ń gbọ́ ọ.