Túbọ̀sún àti Ìkòkò tó Di Àgbà Ẹgbẹ́

Túbọ̀sún gbọ́n, ṣùgbọ́n kì í gba ìkìlọ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Yaba. Fẹ́yìsayọ̀, tí wọ́n jọ wà ní ọ́fíìsì kan náà, ló fẹ́ fi ṣe aya. Bàbá ọmọbìnrin náà, Bàbá Ọlábọ̀dé, ni alága ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Sábó.

Ọdún mẹ́ta ni ẹgbẹ́ náà fi ń jà lórí ẹni tó dàgbà jù, nítorí àgbà ló ń ṣàdúrà, àgbà ló ń jókòó síwájú. Túbọ̀sún ní òun yóò kọ́ ìkànnì orí ayélujára tí yóò parí ìjà náà. Inú alága dùn. Ẹgbẹ́ dìbò pé ohun tí ìkànnì bá wí labẹ gé. Ẹni tó bá jiyàn, kó máa lọ sílé.

Nínú irú iṣẹ́ yìí, gbogbo ohun tí a ń kọ sílẹ̀ ló ní mọ́dẹ́lì tirẹ̀, ìyẹn àpẹẹrẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé. Ẹgbẹ́ ní kí wọ́n kọ ẹrù ẹgbẹ́ mọ́ orúkọ ènìyàn: ènìyàn ní tirẹ̀, àga ní tirẹ̀, ìkòkò ní tirẹ̀. Gbogbo wọn sì ní ìyá kan, ìyẹn mọ́dẹ́lì tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ohun tí a bá kọ́ ọmọ kan, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí a bá kọ́ ìyá, gbogbo ọmọ ló jogún rẹ̀.

Túbọ̀sún kọ ìrànwọ́ kékeré kan, ìyẹn àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tí yóò ṣírò ọjọ́ orí, tí yóò sì tò wọ́n láti orí àgbà dé orí ọmọdé. Bí kò bá rí ọjọ́ ìbí, kó mú ọjọ́ èyíkéyìí tó bá rí. Ọ̀dọ̀ ìyá ló fi í sí, kó má baà ṣe wàhálà lẹ́ẹ̀mejì.

Fẹ́yìsayọ̀ rí i. Ó ní, “Túbọ̀sún, ẹgbẹ́ kò ka ọjọ́ orí àga. Mọ́dẹ́lì ènìyàn ni kó o fi í sí.”

“Àbí o ti di ìyàwó ilé kí wọ́n tó mú ẹ wálé?”

“Ó dáa. Mo ti sọ tèmi.”

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ pàdé, ìkànnì ní àgbà wọn ni ìkòkò irin tí wọ́n fi ń se ẹran, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin láti ọjọ́ tí wọ́n rà á. Ó fi ọdún mẹ́ta ju alága lọ. Wọ́n ti dìbò. Wọ́n gbé ìkòkò sórí àga iwájú, wọ́n dúró kó ṣàdúrà. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ṣe àmín.

A kì í tìtorí àtijẹran pe màlúù ní bọ̀ọ̀dá. Ìkànnì ní jẹnẹrétọ̀ dàgbà ju àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ lọ, wọ́n sì tìtorí iná pè é ní bọ̀ọ̀dá.

Ìkànnì náà sọ fún Bàbá Akínọlá, ọmọ ẹgbẹ́ kan, pé Àṣàkẹ́, aya rẹ̀ tó ti kú tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé ẹgbẹ́, pé ọgọ́ta ọdún lọ́jọ́ náà. Bàbá Akínọlá kò jiyàn. Ó nu àga kan fún aya rẹ̀, ó jókòó tì í.

Fẹ́yìsayọ̀ wo Túbọ̀sún. Túbọ̀sún ní iṣẹ́ òun kò ní àṣìṣe.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ènìyàn Túbọ̀sún wá tọrọ ọmọ. Alága ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo ìkànnì. Túbọ̀sún ti fi ìkánjú kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀ láìkọ ọjọ́ ìbí. Ìkànnì mú ọjọ́ tó kọ ọ́. Ó ní ọmọ ọjọ́ mọ́kànlélógún ni.

Bàbá Ọlábọ̀dé bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ta ló gbé ọmọ tuntun jáde báyìí?”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹni ọgbọ̀n ọdún ni mí.”

“Ẹni tó bá jiyàn, kó máa lọ sílé. Ìwọ fúnra ẹ lo kọ́ ọ.”

Ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un ṣe. Wọ́n ní ọmọ ọwọ́ kì í fọwọ́ kan ohun tó ń lo iná. Ó yíjú sí Fẹ́yìsayọ̀.

“Mo ti sọ tèmi,” ni Fẹ́yìsayọ̀ wí.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá àgbàlagbà kan di orí Túbọ̀sún mú, wọ́n sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Wọ́n ní kó padà wá tọrọ ìyàwó lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n.

Fẹ́yìsayọ̀ kò dúró. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó fẹ́ ẹlòmíràn, ìkòkò ló sì ṣàdúrà ìgbéyàwó. Túbọ̀sún wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún kan ni, wọn kò fún un ní àga.

Ẹ̀yin tó ń ka ìtàn yìí, ẹ má ṣe fún gbogbo ayé ní ohun tó tọ́ sí ẹnì kan. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ni ín. Bí ẹni tó fẹ́ràn yín bá sì kìlọ̀ fún yín, ẹ dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń kìlọ̀ fún ni kì í wà títí.