Fíìmù Tí Olóòtú Kọ̀ Láti Wò

Olóòtú ju bébà náà sórí tábìlì, ó ní òun ò ní tẹ̀ ẹ́. Ìgbà kẹrin rèé láàárín oṣù mẹ́wàá tí obìnrin náà máa kọ̀wé lórí fíìmù kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ náà sì ti tó gẹ́ẹ́.

Obìnrin yìí ló ń kọ abala "Ẹ Ò Tíì Wo Èyí" sínú ìwé ìròyìn wọn ní gbogbo Sátidé. Ọdún méje ló ti wà lẹ́nu ẹ̀. Àwọn fíìmù tí ẹnikẹ́ni ò kà sí ló máa ń ṣà jọ, á sọ ohun tó dára nínú wọn, á sì ní kí àwọn èèyàn wá wọn rí. Àwọn ará ọ́fíìsì ń pè é ní Màmá Sinimá. Kì í bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ ilé, ṣùgbọ́n tó bá ní fíìmù kan dára, àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́. Ìyẹn kó tó kan "Ọkùnrin Tó Ru Ilẹ̀kùn".

Fíìmù ọ̀hún ò ju ọkùnrin kan tó gbé ilẹ̀kùn àlòkù rù, tó ń kiri ìlú, tó ń wá ẹni tó máa rà á. Ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti yà á, ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Wọn ò kó èrò jọ fún un, ẹni tó bá ń kọjá lọ ni kámẹ́rà ń gbé. Ohùn rẹ̀ ń há, àwòrán rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn tó torí Màmá Sinimá wò ó kọ èébú ránṣẹ́.

"Ẹ gbọ́, mà," ni olóòtú wí. Ó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n òun ló ni àga. "Ẹnì kan ní ẹ fi wákàtí méjì òun ṣòfò. Ẹlòmíì ń bi mí bóyá ọmọ yín ló ṣe fíìmù yẹn."

"Mi ò bí ẹni tó ń ṣe fíìmù." Màmá Sinimá fa ojú ro. "Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ti wò ó?"

"Ibo ni mo ti fẹ́ ráyè?"

"Oṣù mẹ́wàá, ọ̀gá! Oṣù mẹ́wàá ni mo fi ń bẹ gbogbo ayé pé kí wọ́n wo nǹkan kan, ẹni tí yàrá rẹ̀ kángun sí tèmi ni ò wò ó!"

Olóòtú pòṣé. Ó gbé bébà náà, ó tẹ ìka mọ́ ìlà tó gbẹ̀yìn, tó jẹ́ ọ̀kan náà ní gbogbo ìgbà: "Bí ẹ bá rí ẹni tí ẹ mọ̀ nínú rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí mi."

"Èyí ńkọ́? Ṣé eré ọmọdé lẹ sọ abala yín dà ni? Ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé, wọ́n kọ ọ́. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe rí ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan rí bàbá rẹ̀ tó ti kú. Ojú mi báyìí lẹ ṣe rún àwọn lẹ́tà yẹn, tí ẹ jù wọ́n nù."

"Wọn ò wò ó dáadáa ni!" Ó fọwọ́ lu tábìlì, tíì inú ife olóòtú dà sílẹ̀. "Mo gbé e dé ọ́fíìsì ìjọba mẹ́ta. Wọ́n wò ó fìrí, wọ́n ní àwòrán rẹ̀ ò hàn tó, wọ́n dá a padà fún mi. Nígbà tó yá, wọn ò jẹ́ kí n wọlé mọ́."

"Wọ́n káre." Olóòtú ń nu tíì. "Ó dáa, ẹ sọ bó ṣe parí fún mi. Tó bá wọ̀ mí létí, màá tẹ̀ ẹ́."

Màmá Sinimá yọ bébà rẹ̀ kúrò nínú tíì.

"Mo ní báwo ló ṣe parí?"

"Mi ò mọ̀."

Ẹ̀rín tí olóòtú rín ò dùn létí rárá. Àwọn tó ń tẹ̀wé ní yàrá kejì dáwọ́ dúró. "Ẹ̀yin fúnra yín ò wò ó tán, ẹ sì ń da gbogbo ìlú láàmú! Ó ti parí, mà. Ẹni tó ń kọ ìròyìn bọ́ọ̀lù ló máa gba abala yẹn láti Sátidé tó ń bọ̀."

Inú bí i. Ṣùgbọ́n kò bẹ̀bẹ̀. "Ẹ gbà á," ó ní. "Ẹ ṣáà bá mi wo ìdajì rẹ̀ báyìí, kí n tó kó ẹrù mi."

Olóòtú wo aago. Kí obìnrin náà lè tètè máa lọ ló ṣe gbà. Màmá Sinimá ti àwo fíìmù náà bọ inú kọ̀ǹpútà, kò sì jókòó. Olóòtú ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ń wo ọkùnrin tó ru ilẹ̀kùn bó ṣe ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn, olóòtú fúnra rẹ̀ sì ń yán. Màmá Sinimá ò wo fíìmù náà rárá. Ojú olóòtú ló ń wò.

Nígbà tí onílẹ̀kùn dé oríta, tó dúró kí mọ́tò kọjá, olóòtú sún mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Ẹ dá a dúró!" Ó bú sẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ sì dùn tọkàntọkàn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. "Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi rèé, lẹ́yìn onílẹ̀kùn! Ẹ wò ó bó ṣe rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ nígbà yẹn!"

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ẹni tá a jọ jẹun lánàá? Ọmọ rẹ̀ ló fà lọ́wọ́ yẹn. Ó ti wọ yunifásítì báyìí, ọmọ dáadáa."

"Ọmọ mi ni," ni Màmá Sinimá wí, ohùn rẹ̀ ò sì lọ sókè rárá, "ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí wọ́n jí i gbé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ya ibi tí ẹ̀ ń wò yẹn, mi ò sì lè kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn kí ẹni tó gbé e má baà gbọ́ kó sá, torí náà ẹ dìde, ẹ mú mi lọ sílé ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín."