Télọ̀ Tó Fi Ẹsẹ̀ Àbúrò Rẹ̀ Wọn Alùpùpù

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa alùpùpù o. N kò ní in, n kò tún un ṣe rí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí, màá sì di ẹni tó ń wà á mú bí ẹni tó rí ìbátan tó sọnù. Àmọ́ Ọlọ́run fún mi lójú méjì àti ẹnu kan tí kì í sinmi. Ẹ ka èyí títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, torí ẹni tó bá kà á dé ìdajì á rò pé ọ̀rọ̀ ẹni kúkúrú ni.

1.
Télọ̀ kan wà ládùúgbò wa tí a ń pè ní Àǹtí Téèpù, nítorí téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Kò ga. Tó bá dúró lẹ́yìn tábìlì ìgéṣọ, orí àti àlùmọ́gàjí nìkan lẹ máa rí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, òfin kan ló sì ní: ara ẹni ni wọ́n fi ń wọn ẹni. Tẹ́ ẹ bá sọ fún un pé kó fi ìwọ̀n ẹ̀gbọ́n yín rán tiyín, ẹnu ọ̀nà ló máa tọ́ka sí.

Ilé ìwòsàn ńlá kan wá gbé aṣọ gbogbo nọ́ọ̀sì wọn fún un láti rán. Kó máa kó o wá ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, fún odidi ọdún kan. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn ẹni lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀nà jìn, ẹrù wúwo, ó ní òun á ra alùpùpù. Dé ibẹ̀, n kò rí ẹ̀bi.

2.
Mẹkáníìkì wa fi kékeré kan hàn án, tó fúyẹ́, tí ìjókòó rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Àǹtí Téèpù gùn ún, gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀.

"Àǹtí, èyí ni tiyín. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni bíréèkì rẹ̀ àkọ́kọ́."

Àǹtí Téèpù yínmú. "Ṣé kí wọ́n lè sọ pé èmi kúrú, máṣíìnì mi náà kúrú?"

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ga bí òpó iná, ti gun pupa gíga kan lápá kejì. Ó ní, "Àǹtí mi, èyí gan-an ni. Ẹ wò ó, ẹsẹ̀ kanlẹ̀ dáadáa."

Mẹkáníìkì nìkan ló béèrè pé ẹsẹ̀ ta ló kanlẹ̀. Nígbà tí ẹni tó ni owó gùn ún, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ilẹ̀ bí ẹni ń wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mẹkáníìkì bẹ̀ ẹ́ pé káwọn gé díẹ̀ lára fóòmù ìjókòó, kó lè wálẹ̀. Obìnrin tó ń géṣọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìjókòó tuntun òun. Mẹkáníìkì tún bẹ̀ ẹ́ pé kó fi oṣù kan kọ́ ọ ní pápá. Àǹtí Téèpù ní láti ọmọ ọdún méjìlá lòun ti ń tẹ máṣíìnì ìránṣọ.

"Èyí tẹ́ ẹ ń tẹ̀ yẹn, Àǹtí, kì í ṣubú."

Mo wà níbẹ̀. Inú ń bí mi bí ẹni pé èmi ni wọ́n fẹ́ gbé gùn ún.

3.
Àǹtí Téèpù ra pupa gíga náà, ó sì ra bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn bí búrẹ́dì. Tó bá ti ń lọ, ọba ni. Ìdúró ni kò ní, àfi tó bá rí òkúta tó máa fẹsẹ̀ lé. Lọ́jọ́ kan, ó kọjá ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń juwọ́ sí wa pé ká wá bá òun dì í mú. A rẹ́rìn-ín títí. Kí wọ́n má purọ́ mọ́ mi, èmi gan-an rẹ́rìn-ín jù.

Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ pé. Ó di ogójì aṣọ funfun sẹ́yìn. Lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn, ọlọ́dẹ nawọ́ pé kó dúró kí mọ́tò kan jáde. Ó dúró. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ sápá ọ̀tún. Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún, afẹ́fẹ́ ló bá. Alùpùpù náà rọra ń tẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí àgbàlagbà tó fẹ́ jókòó. Ó fọwọ́ ọ̀tún gba ilẹ̀, irin sì gun ọwọ́ náà lórí. Aṣọ wọ ẹrẹ̀, ọrùn ọwọ́ kán. Àwọn nọ́ọ̀sì tí ì bá wọ aṣọ náà ló bá a di ọwọ́.

Ẹ gbọ́ o: kì í ṣe eré ló dá a lọ́wọ́. Ìdúró ni.

4.
Egungun jinná, àmọ́ kò tọ́. Ọwọ́ yẹn kò lè di àlùmọ́gàjí mú pẹ́. Ilé ìwòsàn ní sùúrù oṣù kan, wọ́n gbé iṣẹ́ fún télọ̀ mìíràn. Àbúrò ló ń gun pupa gíga náà báyìí, ó bá a mu bí ẹni pé wọ́n rán an sí i lára.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí oníbàárà kan ní kí wọ́n fi ìwọ̀n ẹ̀gbọ́n òun rán tòun. Mo ń retí kí Àǹtí Téèpù tọ́ka sẹ́nu ọ̀nà. Ó fa téèpù kúrò lọ́rùn.

"Sún mọ́ mi," ló wí. "Mo ti fi ẹsẹ̀ ẹlòmíì wọn nǹkan rí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi san án."

Èmi tí mo rẹ́rìn-ín jù lọ́jọ́sí, mo dìde lọ bá a di etí téèpù mú.

Ìkìlọ̀ rèé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra alùpùpù àkọ́kọ́: ẹ gùn ún fúnra yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Kí gìgísẹ̀ yín kanlẹ̀. Ẹ kọ́ ìdúró kẹ́ ẹ tó kọ́ eré. Ẹni tó máa fi kíkúrú yín ṣe yẹ̀yẹ́ kò ní bá yín gbé irin kúrò lórí ọwọ́. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ìwọ tó o ń ka èyí, nǹkan tó o fẹ́ rà yẹn, ẹsẹ̀ ta lo fi wọ̀n ọ́n?